Ìwọ̀n Ìbàdí Orogún

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ológbò ni Orogún. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá a nínú páálí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ṣọ́ọ̀bù, kò tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Itan bàbá mi ló gùn lọ tààrà, ibẹ̀ ló sì sùn sí títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ò lè dìde lọ mu omi. Ìyá mi wò wọ́n láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa náà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọ́n mú orogún wọlé tọ̀ mí wá." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Oníbàárà tó bá wọlé á kí bàbá mi, á kí ìyá mi, á wá béèrè pé, "Orogún ńkọ́?"

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò sí mọ́. Wọ́n ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ báyìí. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, imú mi ń wá òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù, kò rí i, inú bí mi sí àwọn tó ń tún fóònù ṣe bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan mi. Wọn ò jí nǹkan kan. Bí mo ṣe rí nìyẹn, inú kì í pẹ́ bí mi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, torí òun ló fa ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ ni àwọn òbí mi méjèèjì. Bàbá mi ló ń wọn ènìyàn, òun ló ń gé aṣọ. Ìyá mi ló ń rán. Bí oníbàárà bá dúró níwájú dígí, bàbá mi á fi téèpù yí i ká, á pe nọ́ńbà, ìyá mi á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú. "Èjìká, mẹ́tàdínlógún." Ìyá mi á ní, "Mo gbọ́." "Ìbàdí, mẹ́rìndínlógójì." "Mo gbọ́." Mo gbọ́ ọ débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo tọkọtaya ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn nìyẹn.

Bó bá di ọ̀sán, ìyá mi á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kí ẹ̀rọ tó dákẹ́ tán, Orogún á ti wà lábẹ́ àga rẹ̀. Orí ẹja ni tirẹ̀. Ìyá mi á yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bú u bó ṣe ń yọ ọ́. "Alájẹkì. O gba ọkọ mi, o tún fẹ́ gba ẹja mi." Orogún á fi orí nu ara rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò tíì bá níbòmíràn títí dòní. A kì í kọ ìwọ̀n aláìsàn sílẹ̀. Bí oníbàárà bá ti àìsàn dìde, tó rù, tó sì wá rán aṣọ, bàbá mi á wọ̀n ọ́n, á pe nọ́ńbà bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ohun tó máa wọ inú ìwé ni ìwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ le. Ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n máa fi gé aṣọ. Wọ́n á wá ká èyí tó pọ̀ jù mọ́ inú, wọ́n á fi òwú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ gán an, tó jẹ́ pé fífà kan ni yóò fi tú lọ́jọ́ tí ara bá padà. "Aṣọ ló yẹ kó dúró de ara," bàbá mi máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, "ara kì í dúró de aṣọ." Obìnrin kan sunkún níwájú dígí wa nígbà tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn mo gbà pé kò sí ọkùnrin tó gbọ́n tó bàbá mi láyé.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n. Awọnlẹ̀ ni mí. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá yí nọ́ńbà kan padà nínú ìwé, ilé ẹlòmíràn ló ń gbé sórí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. A kì í ká nǹkan kan mọ́ inú. Bàbá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilẹ̀ ò lójú, kò létí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ gbogbo òtítọ́ sí i lójú.

Ìlú tí iṣẹ́ gbé mi lọ jìnnà, ìrìn bọ́ọ̀sì odidi ọjọ́ kan ni. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mò ń wọn ojú ọ̀nà tuntun kan lọ́wọ́, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pè. Mo mọ̀ pé aláìsàn tí kò bá rù ṣì lágbára, nítorí náà ohun kan náà ni mò ń béèrè: "Bàbá, ṣé Màámi ò rù?" Bàbá mi kì í dáhùn ọ̀rọ̀ nípa ara ènìyàn láìṣí ìwé. Màá gbọ́ bó ṣe ń ṣí i. Á ní, "Ìbàdí, ogójì." Bó ṣe wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ojú nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òfin tí wọ́n ń lò fún oníbàárà lè kan ìyá mi náà. Ọkàn mi á balẹ̀, màá padà sídìí ojú ọ̀nà mi.

Ọjọ́bọ̀ ni ó kú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé. Mo rí i kí wọ́n tó gbé e lọ, ẹni tí mo rí kì í ṣe ẹni ogójì íǹṣì.

Mi ò sọ nǹkan kan fún bàbá mi. Ènìyàn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, èmi náà sì ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mò ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mò ń fi nǹkan ránṣẹ́, mò ń lọ kí i. Ọmọ dáadáa ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bí mo bá ti rí ìwé dúdú yẹn lórí tábìlì, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò.

Ìgbà tí mo lọ kí i lọ́dún kẹrin ni mo rí i pé Orogún ń mu omi jù. Ó ti di arúgbó nígbà náà, ọdún mẹ́rìndínlógún, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti di gátagàta. Á mu omi tirẹ̀ tán, á lọ mu omi tí bàbá mi máa ń wọ́n sára aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, ológbò ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí ẹni tó gbé e wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó tì wá.

"Kídìnrín rẹ̀ ti gbó," ó ní. "Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ di tuntun. Oúnjẹ ni oògùn tó kù. Bàbá, kí ló ń jẹ nílé?"

"Orí ẹja," bàbá mi wí, ó sì fi kún un kíákíá pé, "Mo máa ń yọ eegun rẹ̀ o."

"Ẹja ti parí. Iṣẹ́ tó ń fún kídìnrín ṣe ti pọ̀ jù. Inú agolo yìí ni kẹ́ ẹ ti máa fún un. Kò níyọ̀, ẹran inú rẹ̀ ò pọ̀, ẹ sì máa fi omi pò ó. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kó má fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti ń rù, ẹ pè mí. Ẹ má ṣe dúró rárá."

A ò ní òṣùwọ̀n nílé. Bàbá mi fa téèpù yọ lápò, ó ní iṣẹ́ òun ni ìwọ̀n. Dókítà wo téèpù, ó wo èmi, ó ní ó sàn ju àìsí lọ. A dé ilé, bàbá mi fi téèpù yí Orogún nínú: íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Ojú ìwé Orogún ti wà nínú ìwé dúdú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nígbà tí bàbá mi rán ẹ̀wù òjò fún un. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí Orogún fi bọ́ ẹ̀wù náà, ó gun orí àpótí lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà yẹn náà. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo pè.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Orogún ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ṣé ó ń jẹ ti inú agolo yẹn?"

"Ó ń tọ́ ọ wò."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, ó yẹ kó sá. Èmi ò sá. Mo tilẹ̀ ń sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ológbò wa kọ àìsàn sílẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo gba àyè ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé páálí agolo méjì dání, mo wọ ilé. Orogún wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Ọwọ́ mi fò sókè, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé kẹ́túlù tó rò pé omi kún inú rẹ̀. Mo fọwọ́ tọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo lè ka egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Téèpù wà lórí tábìlì. Mo mú un, mo fi yí i.

"Bàbá," mo ní, "kí lẹ sọ pé ó jẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ wá wo ibi tí àtàǹpàkò mi wà."

Kò wá. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó sì gé e dé òpin kó tó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Méjìlá ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjìlá àbọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún mi?"

"Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà fún ẹ."

"Ta ló kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Èmi ni. Ara rẹ̀ ò yá. A kì í kọ ti aláìsàn."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo gbé Orogún sílẹ̀, kí n má bàa fún un mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́rin wá jáde láìtọrọ àyè. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ka ogójì, ogójì, títí Màámi fi kú. Ẹ fi nọ́ńbà tàn mí. Mi ò bá ìyá mi láàyè, ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Ẹyin lohùn. Mo rí i bó ṣe balẹ̀, mo rí i bó ṣe fọ́. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó mú aṣọ tó gé, ó ń ká a. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Dókítà gbé Orogún sórí òṣùwọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó béèrè ẹni tó sọ fún mi pé kò rù. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó wo inú ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní èébì ló ń gbé e. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóòórùn oúnjẹ, inú rẹ̀ á rú. Ó fún mi ní oògùn tó máa jẹ́ kí inú rẹ̀ rọlẹ̀, ìdajì hóró kan lójúmọ́. Ó ní ká máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, ká má fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Tí kò bá jẹun títí di ọ̀túnla," ó ní, "ẹ gbé e padà wá, ká jọ sọ̀rọ̀." Ó fọwọ́ pa Orogún lórí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹranko sinmi ni a máa jọ sọ.

Bí a ṣe di alágbàtọ́ ológbò nìyẹn, èmi àti ẹni tí mi ò bá sọ̀rọ̀. Ilé kan náà, àwo kan náà, agolo kan náà. Orogún la ń bá sọ̀rọ̀.

"Orogún," bàbá mi á ní, "sọ fún ọmọ yìí pé oúnjẹ yẹn ti gbóná jù."

"Orogún, bá mi sọ fún Bàbá pé dókítà ní kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní kó tutù bí ẹsẹ̀ òkú."

Orogún á wo èmi, á wo bàbá mi, á dé ìdí àwo, á gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá máa fi ọwọ́ wa ilẹ̀ yí i ká bí ẹni tó fẹ́ sin ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lá omi ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ àwo, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣíbí lọ̀ ọ́ kúnná, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé níbi tí oòrùn wà, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ dìde. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá mi sọ̀rọ̀ sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Jẹ́ kí n lọ ra ẹja fún un."

"Dókítà ní rárá."

"Ṣé ebi ni kó wá fi kú ni? Sọ fún mi. Ṣé ebi ni?"

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Mo ní ká fún oògùn náà láyè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, dókítà pè. Ó fẹ́ mọ ohun tí Orogún ti ń wọ̀n láti ọdún mélòó kan, kí òun lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí i. Bàbá mi wà ní ilé ìdáná, ó ń gbé omi kaná nítorí agolo. Mo lọ síwájú tábìlì, mo ṣí ìwé dúdú náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọwọ́ mi ti kàn án kẹ́yìn.

Mo wá Orogún títí mo fi rí i. Ojú ìwé tó kọjú sí tirẹ̀, ìyá mi kọ "Ìyálé" sí orí rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí kí ó lè dá gbogbo ènìyàn lójú. Ìwọ̀n tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ti ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ta sí mi lẹ́nu. Mo wá wo ìsàlẹ̀, mo ń wá àwọn ogójì yẹn, kí n lè tún bínú.

Mo rí wọn. Ìbàdí, 40. Ìbàdí, 40. Ìbàdí, 40. Ọjọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìkẹta fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ ikú rẹ̀.

Bàbá mi, bó bá kọ nọ́ńbà, ńlá ńlá ni, á wọ́ bí igi àjà tó fẹ́ wó. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́fà tó kọ fún Orogún wà ní ojú ìwé tó kọjú sí i, ènìyàn lè kà wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ogójì wọ̀nyí kéré. Orí 4 wọn ṣí sílẹ̀, òdo wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọwọ́ tó kọ gbogbo ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni. Ìkẹta wọ́ sísàlẹ̀ ìlà, pẹ́ńsù ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni.

 Mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìdáná.

"Bàbá, ọwọ́ Màámi ni."

Ó wo ìwé, kò fọwọ́ kàn án. "Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Kí lẹ pè?"

Ó ti gbé agolo sínú omi, ó ń fi ìka yí i.

"Ìgbà àkọ́kọ́, mo pe mẹ́rìndínlógójì," ó ní. "Ó ní, 'Mo gbọ́.' Mo wo ohun tó kọ, mo rí ogójì. Mo rò pé kò gbọ́ dáadáa ni, mo tún un pè. Ó ní, 'Mo ní mo gbọ́.' Ìgbà kejì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìgbà kẹta, kò lè dìde mọ́, orí ibùsùn ni mo ti wọ̀n ọ́n. Òun ló ní kí n wọn òun o, ó ní kí n rán aṣọ kan fún òun. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo di pẹ́ńsù mọ́ ọn lọ́wọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara agolo bóyá ó ti gbóná. "Ó ní tó o bá pè, kí n ka ohun tó wà nínú ìwé. Ó ní ojú ọ̀nà tí wọ́n gbé fún ẹ yẹn, kò sí ọmọ ẹnì kankan ní àdúgbò yìí tí wọ́n gbé irú ẹ̀ fún rí. Ó ní òun á dúró dè ẹ́. Ó dá a lójú pé òun á lè dúró."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ìyá rẹ ló purọ́ fún ẹ?" Ó mi orí. "O nílò ẹni tó o máa bínú sí. Èmi ṣáà wà láàyè."

"Òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́?"

"Tirẹ̀ ni. Èmi kàn máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ni. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò kọ nọ́ńbà ẹni tó rù sílẹ̀ rí, òun ló ń kọ ìwé. Nígbà tó wá kan Orogún, mo mú pẹ́ńsù, mo wọn mẹ́rìnlá, mo wo ìwé títí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́." Ó yọ agolo kúrò nínú omi. "Ó yẹ kí n sọ ti ológbò fún ẹ. Ìyẹn, ẹ̀bi mi ni. Wá, ká fún un kó tó tutù."

Orogún wà níbi tó máa ń wà, lábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún. Èmi kúnlẹ̀ lódìkejì, mo di àwo mú níwájú Orogún. Bàbá mi fi orí ìka bu oúnjẹ díẹ̀, ó nà án sí i. Orogún gbóòórùn rẹ̀. A dúró kó wa ilẹ̀. Kò wa ilẹ̀. Ó yọ ahọ́n, ó lá a. Ó lá ìka náà mọ́, ó wo ojú bàbá mi, ó wá fa ara rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ki ẹnu bọ inú àwo tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ń jẹun. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ìró kékeré yẹn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti wà. Ibẹ̀ ni ẹkún ti já lu mí. Kì í ṣe omi ojú, ẹkún gidi ni, èyí tí mi ò sun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn torí pé ìbínú ti gba ààyè rẹ̀. Èjìká mi ń mì, àwo náà ń mì. Orogún gbé orí sókè, ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Má mira," bàbá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ó ń jẹun. Sunkún ẹ, àmọ́ má mira."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ mi, ó bá mi di àwo mú. Orogún dúró díẹ̀, ó wò wá, ó tún tẹ orí ba. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó ní, "Mo gbọ́, jẹ́ kó jẹun." Ẹsẹ̀ mi ti kú, omi ojú mi ń kán sórí ilẹ̀, mi ò lè nù ún. Orúnkún bàbá mi á ti máa dùn ún. Orogún ò kánjú rárá. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó ń padà sí i, kò sì sí ẹni tó gbéra nínú wa títí tó fi jẹ ẹ́ tán.